Iyẹ̀pẹ̀ Kì Í Jáde

Nígbà tí aago méjì ọ̀sán lù, Tíṣà Mọrẹ́nikẹ́ kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ jáde kúrò nínú àgbàlá iyẹ̀pẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni gbogbo wọn, ẹrẹ̀ sì ti bò wọ́n dé orúnkún. Wọ́n ti fi amọ̀ mọ ilé, wọ́n ti gbìyànjú láti ka ẹsẹ̀ ọ̀kùn, wọ́n sì ti gbé ekòló sí àtẹ́lẹwọ́ wò ó.

“Antí, ṣé ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ ṣeré rí?” Fadérera bi í.

“Lójoojúmọ́ ni. Pàṣán ni ìyá mi fi ń lé mi kúrò nínú rẹ̀.”

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àlọ́ ni.

Lẹ́nu géètì, ẹ̀ṣọ́ ti gbé garawa kalẹ̀ dè é. “Ẹ má bínú, Antí. Ẹ mọ òfin.” Ó gbọn bàtà Tíṣà náà, ó fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ abẹ́ èékánná rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì da omi ẹlẹ́rẹ̀ náà padà sínú àgbàlá. Àwọn ọlọ́mọ tó ni iyẹ̀pẹ̀ náà kò fẹ́ kí ó dín.

Nílé, lájà kẹtàdínlógún, Àrìnpé ọmọ rẹ̀ jókòó síwájú ògiri ẹ̀rọ tó ń kọ́ ọ níwèé. Kọnkéré ni wọ́n fi bo gbogbo àdúgbò wọn. Ọmọ náà kò tíì fẹsẹ̀ tẹ iyẹ̀pẹ̀ rí. Ó sáré wá gbá ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, ó gbé e símú bóyá òun á gbọ́ òórùn iyẹ̀pẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe.

“Ọṣẹ náà ni, Màámi.”

“Mo mọ̀, ọmọ mi.”

Ògiri pè é padà pé kí ó fọwọ́ kan àwòrán iyẹ̀pẹ̀. Àrìnpé fọwọ́ kàn án. Ògiri pàtẹ́wọ́ fún un.