Lionel Wọ Bàtà sí Sùtánà

Ìyìn ni àìsàn Lionel. Bí wọ́n bá yìn ín, ebi kì í pa á mọ́. Bí wọn ò bá yìn ín, oorun ò ní kùn ún. Ọmọ ìlú Bantè ní orílẹ̀-èdè Benin ni, ìjọ aláṣọ funfun ló ń lọ, kọ̀ǹpútà ló sì fi ń ṣe orin ijó.

Orin rẹ̀ àkọ́kọ́ dé rédíò ní Savalou. Djamila, tó máa ń sọ èrò rẹ̀ nípa orin tuntun níbẹ̀, gbọ́ ọ tán, ó ní: "Ẹ̀rọ ló ń kọrin yìí. Olórin fúnra rẹ̀ dà?" Ọ̀rọ̀ náà dun Lionel wọra. Ó ní fídíò orin náà ni òun yóò fi pa obìnrin náà lẹ́nu mọ́.

Ẹni tó bá wọ sùtánà, aṣọ funfun ìjọ wọn, kì í wọ bàtà. Láti kékeré ni Lionel ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ó wọ sùtánà, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà pupa, ó gun orí tábìlì ní ilé ọtí kan ní Savalou, ó ń jó. Ismaël tó ń ya fídíò náà bẹ̀ ẹ́ títí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká lọ yà á lóko kajú ní Lougba." Kò gbọ́. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Fídíò náà gbòde. Djamila ní: "Orin ò yí padà, ṣùgbọ́n mi ò lè gbójú kúrò lára bàtà yẹn." Apá kejì nìkan ni Lionel gbọ́.

Abigaïl, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ò rẹ́rìn-ín. Ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bàbá Abigaïl, Alàgbà Étienne, sì ni olórí ìjọ. Alàgbà pe Lionel: "Ọmọ mi, wá jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú ìjọ pé o ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, ká gbàgbé ẹ̀." Lionel kúnlẹ̀, ó sunkún, ó jẹ́jẹ̀ẹ́. Wọ́n dárí jì í. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n pè é síbi ayẹyẹ kan ní Djaloukou. Orin tuntun ló gbé lọ. Kò tíì kọ ọ́ dé ìdajì tí èrò fi ń pariwo: "Sùtánà! Sùtánà!" Ẹnìkan ju ọ̀kan sókè sí i. Bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ti ń hó lé e lórí, ó wọ sùtánà náà, ó sì jó.

Kí ọ̀kadà zémíjàn tó gbé e dé Bantè, Abigaïl ti rí ijó náà lórí fóònù. Ó ní: "Lionel, mi ò lè fẹ́ ẹni tí èrò ń wọṣọ fún." Ìgbéyàwó túká. Ìjọ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò.

Lionel pa fídíò bàtà pupa náà rẹ́, àmọ́ ó ti wà lọ́wọ́ gbogbo ayé. Títí di òní, ibi yòówù tó bá ti fẹ́ kọrin, ijó yẹn ni wọ́n ń béèrè. Bí kò bá jó o, wọn ò ní gbọ́ orin kankan lẹ́nu rẹ̀. Ó kórìíra ijó náà bí ikú. Omijé a máa bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń jó o, èrò a rò pé òógùn ni, wọn a sì pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ kí ayé mọ̀ yín, ẹ kíyè sí i. Bí wọ́n bá ní iṣẹ́ yín ò dára, iṣẹ́ náà ni kí ẹ padà lọ tún ṣe. Ẹni tó bá fi ohun ọ̀wọ̀ ra ìyìn, ẹrú àwọn tó ń yìn ín ni yóò dà.