Iyùn Tí Bàbá Jethro Gbé Sókè

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á tán pátápátá kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, pàápàá ẹ̀yin ọkọ tí ẹ máa ń sọ pé "mo ti mọ̀ ọ́n" kí wọ́n tó ṣàlàyé tán fún yín.

1.
Jethro Adébùsóyè ni orúkọ bàbá náà. Ọmọ Òkìtìpupa ni, àmọ́ Ìsinkàn ní Àkúrẹ́ ló kọ́lé sí. Kó tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣètò ìjókòó níbi ayẹyẹ: ibi tí kábíyèsí yóò wà, ibi tí kọmíṣọ́nnà yóò wà, ẹni tí yóò lọ sẹ́yìn. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ló fi ṣe é, kò sì sí olóyè tó fìbínú dìde rí. Bàbá mọ iṣẹ́ yẹn, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn.

Tíṣà ni Agnes, ìyàwó rẹ̀. Ìlú Oǹdó ni wọ́n gbé e lọ, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló ń wálé. Ó ní àpótí gíláàsì kékeré kan ní pálọ̀. Omi iyọ̀ ló wà nínú rẹ̀, iyùn ló sì ń sìn níbẹ̀. Ẹ má pariwo, mi ò sọ pé iyùn ọrùn. Iyùn tó wà láàyè ni, tó ń jẹun, tó ń dàgbà bó ṣe ń ṣe nínú òkun.

Márùn-ún ni wọ́n. Pupa kan wà nísàlẹ̀ lórí yanrìn, lábẹ́ òjìji òkúta, tó rẹwà ju gbogbo wọn lọ. Akíntúndé, àbúrò Agnes tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, ló mú un wá fún un nígbà tí kò tíì ju èékánná lọ. Akíntúndé ti kú báyìí. Ọdún mẹ́fà ni Agnes fi tọ́ iyùn náà títí ó fi tó àtẹ́lẹwọ́. Bó bá ti dé láti Oǹdó, kó tó bọ́ bàtà, yóò kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó, yóò ní, "Akin, mo ti dé o."

2.
Àsìkò ìdánwò àṣekágbá dé, Agnes kò sì ní lè wálé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù.

"Bàbá Ẹniọlá, bí omi bá fà, ẹ ṣáà fi kún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí ìkankan nípò."

"Kí ni mo fẹ́ fi wọ́n ṣe?"

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìjọ fẹ́ fi Bàbá Jethro jẹ Bàbá Ìjọ, àwọn àgbà ìjọ yóò sì wá bá a ṣàdúrà nílé. Ọláwuyì ọ̀rẹ́ rẹ̀ yà sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ó wo inú gíláàsì, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Jethro! Ìwọ tí o ń fún gómìnà níjòókòó! Iyùn pupa, ohun ọba, ló wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ báyìí, tí àwọn mẹ̀kúnnù gun òkè?"

Ọ̀rọ̀ náà gún bàbá lára.

3.
Bí Ọláwuyì ti lọ, bàbá ká apá aṣọ sókè. Ó gbé iyùn pupa kúrò nínú òjìji, ó gbé e ka téńté òkúta, lábẹ́ iná tó ń tàn lókè àpótí gan-an. Ọ̀kan wà tó ní ọwọ́ gbọọrọ bí ìrùkẹ̀rẹ̀, tí Agnes fi sí igun kan lóun nìkan. Bàbá ní olóyè kì í dá jókòó. Ó gbé e sáàárín, ó fi àwọn mẹ́ta yòókù yí i ká.

Àwọn àgbà ìjọ dé lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n yìn ín, inú rẹ̀ dùn. Nírọ̀lẹ́, Agnes pè.

"Ṣé ẹ ò ṣí wọn nípò?"

"Ìyá Ẹniọlá, ṣé ọmọdé ni mí ni?"

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á: irọ́ ni bàbá pa yẹn o.

4.
Lọ́jọ́ kẹrin, iyùn pupa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá. Bàbá ní iná ló ń mú un dán. Lọ́jọ́ kẹfà, ara àwọn mẹ́ta tó yí olóyè ká ti bó yánnayànna. Àṣé oró wà nínú àwọn ọwọ́ gbọọrọ yẹn! Bílẹ̀ bá ti ń ṣú ló ń nà wọ́n jáde, ohunkóhun tó bá sì kàn ló ń ta.

Ìgbà yẹn ló yé bàbá. Ó gbé olóyè padà sí igun rẹ̀, àmọ́ kò mọ ohun tó ń ṣe iyùn pupa. Ó mú fóònù, ó wá nọ́ńbà ìyàwó rẹ̀ jáde, ó tún gbé fóònù sílẹ̀.

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé èmi Jethro ò lè to iyùn márùn-ún?"

Ojú tì í, kò pè é. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹwàá, iyùn pupa ti funfun bí ẹfun.

5.
Agnes dé. Ó bẹ̀rẹ̀ wo orí yanrìn, kò rí nǹkan kan. Ó gbójú sókè.

"Ta ló gbé e síbẹ̀?"

"Èmi ni. Mo rò pé òkè ló yẹ ẹ́."

"Iná ló pa á, Bàbá Ẹniọlá. Òjìji ló fi ń gbé." Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Ìgbà wo lẹ rí i pé ó ń ṣá?"

Bàbá wo ilẹ̀. "Ọjọ́ kẹrin."

"Ọjọ́ kẹrin? Ẹ sì ní nọ́ńbà mi! Ká ní ẹ pè mí lọ́jọ́ yẹn ni, ǹ bá ní kí ẹ dá a padà sísàlẹ̀. Ì bá yè."

Kò pariwo. Ó jókòó sílẹ̀, ó gbé ohun funfun náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń sunkún. Bàbá Ìjọ kúnlẹ̀ tì í.

"Agnes, jọ̀ọ́, dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì yín. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, bí ẹ bá sọ fún mi pé nǹkan dáa, mi ò ní gbà á gbọ́ àyàfi tí mo bá fojú ara mi rí i."

Ẹ̀yin ará, ẹ fọgbọ́n ṣe é. Pé ẹ mọ iṣẹ́ tiyín dunjú kò túmọ̀ sí pé ẹ mọ ti ẹlòmíràn. Ibi gíga tí ẹ rò pé ó jẹ́ ọlá lè jẹ́ ikú fún ẹni tí ẹ gbé síbẹ̀. Bí ẹ bá sì ti ṣi nǹkan ṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́ nígbà tí àtúnṣe ṣì wà. Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú pa ohun tí ìbéèrè kan ṣoṣo lè gbà là. Àwọn àgbà kò purọ́: ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.