Ìyá Àmì àti Ètò Tuntun

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ ilẹ̀kùn náà kò tíì pé ogójì ọdún, bàtà rẹ̀ ẹlẹ́nu ṣónṣó sì máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé wọn yóò kó ètò tuntun sínú kọ̀ǹpútà, torí pé ti àtijọ́ ti ń falẹ̀ jù. Ó bi wọ́n pé ta ni ẹ̀rù ń bà. Akọ̀wé nìkan ló nawọ́.

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni obìnrin náà ti ń tẹ lẹ́tà níbẹ̀, ó ku oṣù márùn-ún péré kó fẹ̀yìn tì. Ìyá Àmì ni wọ́n ń pè é, nítorí kì í jẹ́ kí ìwé kankan jáde láìsí àmì lórí ọ̀rọ̀ àti lábẹ́ rẹ̀. Ó béèrè bóyá ètò tuntun náà mọ àmì í fi sí ọ̀rọ̀.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí. "Ayé ń lọ, à ń tọ̀ ọ́. Ìwọ ṣì jókòó, ò ń ṣa àmì lórí lẹ́tà bí ẹni ń ṣa iná orí."

Lọ́jọ́ kejì, kọ̀ǹpútà yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ìwé tó tẹ̀ jáde wà ní ìhòòhò. Ìyá Àmì mú bíírò, ó ń fọwọ́ fi àmì sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá rí i, ó pòṣé.

Lọ́jọ́bọ̀, ó ní kó wá tẹ lẹ́tà sí alága ilé iṣẹ́ náà, ẹnì kan ṣoṣo tó lè lé òṣìṣẹ́. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni alága. Ó ti lé awakọ̀ kan rí torí pé ó kí i bí ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì ti kìlọ̀ fún ọ̀gá lẹ́ẹ̀mejì nípa ẹnu rẹ̀. Ọ̀gá kọ̀ láti dárúkọ ẹni tó ń fi sùn. Ó ní òun ò ní fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ba ìwé òun jẹ́, alága á mọ̀ ọ́n. Ó ń rìn káàkiri yàrá, ó ń tu ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí ẹni ń tu èèpo ẹ̀pà:

"Alága wa ọ̀wọ́n, ó ti darúgbó. Ojú rẹ̀ kò ríran mọ́, ọpọlọ rẹ̀ sì ti di òbu. Ó yẹ kí ó gbé àga rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó gbọ́n, kí ó lọ sùn nílé."

Ìyá Àmì mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Ó dùn ún wọra, àmọ́ ó tẹ̀ ẹ́ tán. Nígbà tí ìwé náà jáde, ó mú bíírò.

"Ṣé kí n fi àmì sí i, sà?"

"Má fọwọ́ kàn án. Ṣé alága ò mọ̀wé kà ni?"

Ó wo ìwé náà fúngbà díẹ̀, ó dé bíírò rẹ̀ padà. "Ó dáa, sà."

Ọ̀gá fọwọ́ sí i láìkà á, ó sì fi ránṣẹ́.

Nírọ̀lẹ́, alága wọ awò ojú rẹ̀, ó tú lẹ́tà náà, ó sì kà á: "Alaga wa owon, o ti darugbo. Oju re ko riran mo, opolo re si ti di obu. O ye ki o gbe aga re sile fun eni to gbon, ki o lo sun nile."