Abẹ́rẹ́ Tí Kíákíá Kò Fọ̀ Dáadáa

Ẹ̀yin tèmi, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ kà á tán, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ọmọ yín tó bá ń kánjú.

Obìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Kíákíá níbi iṣẹ́. Oògùn ló ń yẹ̀ wò kó tó dé ọ̀dọ̀ aláìsàn. Yóò bu oògùn sínú àwọn ìgò kéékèèké, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ yóò fa díẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ yóò sì ya ohun tó wà nínú rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí májèlé bá wà níbẹ̀, ìlà ojú kọ̀ǹpútà á yọ ṣóńṣó bí òkè. Ọwọ́ Kíákíá yá ju ti gbogbo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Òfin kan wà níbẹ̀: bí abẹ́rẹ́ bá ti kan májèlé tàbí ohun mìíràn tó le, omi lásán ló gbọ́dọ̀ fà tẹ̀ lé e, kí wọ́n rí i pé ìlà tẹ́jú, kó tó kan oògùn ẹnikẹ́ni. Kíákíá ní ìfàkókòṣòfò ni.

“Òùngbẹ ò gbẹ ẹ̀rọ,” ló máa ń wí, wọn á sì rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, oògùn olómi àwọn ọmọ tí gìrì ń mú dé. Kíákíá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi májèlé gidi dán ẹ̀rọ wò kí ẹ̀rọ lè dá a mọ̀ ni. Ló bá fi oògùn ọmọdé tẹ̀ lé e, kò fi omi sáàárín. Òkè yọ. Ó ké sí gbogbo ilé pé oògùn yìí léwu, ọ̀gá rẹ̀ sì gbà á gbọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í dáná sun àwọn páálí náà lẹ́yìn ilé ìkóǹkansí.

Lọ́sàn-án, àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé pè é.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ìgò kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ wa, àwọn ọmọ pọ̀ nílẹ̀. Ṣé ó dá yín lójú?”

Ó fẹ́ ní ó dá òun lójú, ṣùgbọ́n ó ní kó dúró ná. Ó tún ìgò kan náà yẹ̀ wò. Òkè náà yọ, ṣùgbọ́n ó kéré sí ti àkọ́kọ́. Ó tún un ṣe, ó tún kéré sí i. Ọ̀gá rẹ̀ obìnrin ti dúró lẹ́yìn rẹ̀.

“Májèlé inú ìgò kan náà,” ni ọ̀gá wí jẹ́ẹ́, “ṣé ó ń rẹ̀ ẹ́ ni?”

Ìgbà náà ló tó yé e. Abẹ́rẹ́ ló ń gbé májèlé kiri, bí ọ̀bẹ tí a fi gé ata tí a tún fi gé ọsàn. Ó gbé fóònù.

“Ẹ pa iná yẹn, ẹ jọ̀ọ́. Èmi ni mo ṣìṣe.”

Ó wá jókòó ti ẹ̀rọ. Ó kọ́kọ́ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ láìfa nǹkan kan: ìlà tẹ́jú. A jẹ́ pé omi inú ẹ̀rọ mọ́, ọ̀ràn náà wà lọ́dọ̀ abẹ́rẹ́. Májèlé náà lẹ̀ bí epo, omi tí ẹ̀rọ fi ń ṣan abẹ́rẹ́ kàn ń yọ̀ kọjá lórí rẹ̀ ni. Ó fi sípíríìtì fọ̀ ọ́, ó fa omi lásán, òkè kékeré kan ṣì kù. Ó tú ibi tí abẹ́rẹ́ ń wọlé sí. Rọ́bà ibẹ̀ ti sán, májèlé sì sá pamọ́ sínú ojú sísán náà. Ó pààrọ̀ rẹ̀.

Ó fa omi lásán. Ìlà tẹ́jú bí ẹní. Ó fa oògùn. Ìlà tẹ́jú. Ó tún un fà, ó tún tẹ́jú, gbogbo yàrá sì hó yèè. Ọkọ̀ gbé páálí tó kù jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, àbúrò rẹ̀ tún pè. “Oògùn dé, àwọn ọmọ ti sùn, ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo wọn ló sùn.” Kíákíá sunkún ayọ̀ níbi tó dúró sí.

Láti ọjọ́ náà, omi ló máa ń kọ́kọ́ fà. Bí wọ́n bá fi ṣe yẹ̀yẹ́, á ní òùngbẹ ń gbẹ ẹ̀rọ òun.

Ẹ̀yin ọmọ mi, páálí tó jóná ò ṣeé dá padà. Ẹ má fo ìgbésẹ̀ kékeré torí pé ọwọ́ yín yá, bí ẹ bá sì ṣìṣe, ẹ tètè sọ, kí iná tó jó tán. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.