Àṣìṣe Mẹ́jọ Lára Ìbọn

Ìgbà tí ọmọ tí Jẹ̀mílà bí pé ọjọ́ méjì ni wọ́n wá gbé Àrìmíyàù ọkọ rẹ̀ lọ sí ilé kan ní àdúgbò Riviera. Iṣẹ́ ọjọ́ kan péré ni, wọ́n ní. Ọjọ́ karùn-ún rèé, ọ̀la sì ni ìsọmọlórúkọ.

Orúkọ ni Àrìmíyàù máa ń fín sára ẹ̀gbà ọwọ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Koumassi. Níbí, ìbọn ìléwọ́ méjì ló wà lórí tábìlì. Wọ́n ti fín okùn àwọn ará Ireland sára ọ̀kan: okùn tó ń gun ara rẹ̀, tó ń gba abẹ́ ara rẹ̀, tí kò lórí, tí kò nídìí. Ọ̀gá ilé náà, tí wọ́n ń pè ní patron, fẹ́ irú rẹ̀ gan-an lára èkejì.

"Tí o bá ti parí, o máa lọ." Ohun tí patron bá a sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Irin wà lójú fèrèsé. Ìta ni wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn. Kader, ọmọ Júlà tó dàgbà láàárín àwọn Yorùbá Adjamé, ló ń ṣọ́ ọ, àpò rẹ̀ sì ni fóònù Àrìmíyàù wà.

"Ta ló fín ti àkọ́kọ́ yìí?" Àrìmíyàù bi í.

"Ọmọ ilẹ̀ yín ni, vieux père. Ará Gonzagueville. Oṣù méjì ló fi ṣe é. Ojoojúmọ́ ló ń sọ pé ó ku díẹ̀. Ọjọ́ tó parí rẹ̀ ni mo rí i kẹ́yìn."

"Oṣù méjì, kó tún wá jẹ́ àṣekúdórógbó!"

Ó nídìí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Ibi mẹ́jọ ni irin ti yọ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, bíńtín bíńtín, tó sì wọlé jìn ju ìyókù lọ. Ojú ti Àrìmíyàù fún un. Kò jẹ́ kí ìkankan nínú wọn wọ inú tirẹ̀.

Ó ṣe é kánkán. Àárò ọmọ náà ń sọ ọ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló tíì gbé e. Nígbà tó kí ìrun alásárì tán, ó kan ilẹ̀kùn.

"Kader! Mo ti parí."

Kader yí ìbọn náà síwá sẹ́yìn. "Wàláì, c'est propre, ó mọ́." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Vieux père, ẹ tún un wò. Bóyá ó ku díẹ̀."

"Kò ku nǹkan kan. Ọ̀la lọmọ mi ń gba orúkọ. Lọ pe patron."

Kader kò wojú rẹ̀. Ó jáde, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ẹni tó ń fín irin kì í jẹ́ kí iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ òun láìtẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Àrìmíyàù fi tàdáwà pa ìbọn tirẹ̀, ó nù ún, ó tẹ bébà mọ́ ọn. Ó mọ́ rekete. Ó ní kí òun ṣe ti ará Gonzagueville náà bẹ́ẹ̀, kí òun lè máa fi í rẹ́rìn-ín ní ṣọ́ọ̀bù. Bàtà ẹni méjì ti ń dún bọ̀ lórí àtẹ̀gùn nígbà tó ṣí bébà náà.

Okùn náà kò jìn, kò fi bẹ́ẹ̀ gba tàdáwà, kò sì hàn dáadáa lórí rẹ̀. Àwọn àṣìṣe mẹ́jọ yẹn nìkan ló dúdú kirikiri, lẹ́tà mẹ́jọ tí ọkùnrin náà ti fín sódì kí wọ́n lè tọ́ lórí bébà lójú ẹni tó bá ń bọ̀ wá fín irin lẹ́yìn rẹ̀: MÁ PARÍ RẸ̀.