Bíréèkì Ọkọ̀ Bàbá

Mẹkáníìkì fi gíríìsì tuntun sí bíárìn ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ àtijọ́ náà, ó pààrọ̀ bíréèkì inú dúrọ́ọ̀mù, ó sì de táyà padà.

"Ìyá, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́, kí n gbé e jáde dán an wò."

"Kọ́kọ́rọ́ wo?"

Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Adìẹ kan sàba síbẹ̀, ó ń wò ó. Kò sí ẹ́ńjìnnì.

"Kí lẹ wá ń fi bíréèkì ṣe?"

"Ṣó ò rí i pé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ la wà ni? Àràárọ̀ ni Bàbá ń jókòó sínú ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n yọ̀ wá bá mi nílé ìdáná, àtàwọn àtọkọ̀. Mo ní ṣé ebi ló ń pa yín ni?"

Bàbá jáde tòun ti fìlà, ó jókòó sídìí sítíárìn. Ìyá wọ ẹ̀yìn, ó tilẹ̀kùn.

"Bàbá wọn, ẹ rọra fún gálọ́ọ̀pù o. Ìdí mi kì í ṣe ti ọmọge mọ́."