Ìpín Kẹsàn-án Ìwé Àdéhùn

Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó fi ọjọ́ òní kún ọjọ́ wa.

Tíṣà Adédìran ń ka ìwé àdéhùn náà lẹ́ẹ̀kẹta ní pálọ̀ rẹ̀ ní àdúgbò Rantya, lókè Ọya.

Kílọ́ọ̀bù bọ́ọ̀lù òkè òkun kan fẹ́ ra Tèmídayọ̀ ọmọ rẹ̀. Bí kò bá fọwọ́ sí i lọ́la, wọ́n á mú ẹlòmíì.

Bàbá na ìka sí ìpín kẹsàn-án. "Ta ló ki èyí bọ̀ ọ́?"

"Haba, Baba," Jonathan, ajẹ́ńtì tó bá ọmọ náà wá kílọ́ọ̀bù, dáhùn, "gbogbo kílọ́ọ̀bù ló ń kọ ọ́."

"Irọ́ ni. O fẹ́ fi dẹ tàkúté fọ́mọ mi ni."

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́," Tèmídayọ̀ bẹ̀ ẹ́, "ẹ jẹ́ n fọwọ́ sí i."

"Dákẹ́. Bọ́ọ̀lù lo mọ̀, o ò mọ ènìyàn."

Jonathan mí kanlẹ̀. "Baba, ìwé ìrìbọmi rẹ̀ nìkan ni ìpín kẹsàn-án yẹn ní ká fi ránṣẹ́, kí wọ́n lè rí ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ṣebí ẹ̀yin lẹ jẹ́ akọ̀wé ìjọ nígbà náà?"

Bàbá pa ìwé àdéhùn náà dé.

Òun ló kọ ọjọ́ náà sínú ìwé ìjọ lóòótọ́. Ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́rìnlélógún.

Òun náà ló gbé Bíbélì sókè ní kóòtù lọ́dún tó kọjá, tó búra pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, Olúwa yóò ṣílẹ̀kùn fún yín, ẹ ò sì ní purọ́ kẹ́ ẹ tó wọlé. Àmín.